Ìmọ̀ràn: ọwọ́ gáàsì GSX-R mi gùn jù, kí ni kí n ṣe sí i?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Alùpùpù Suzuki GSX-R600 ti ọdún 2004 ni mò ń gùn, èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ Faransé kó tó gba Kútọnu dé ọwọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Ọwọ́ gáàsì ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá fẹ́ ṣí i dópin, ọrùn ọwọ́ mi á ti yí tán, ìgúnpá mi á ti rọ̀ wálẹ̀, àfi kí n jọ̀wọ́ rẹ̀ kí n tún un dì mú kí n tó yí ìyókù. Bí mo bá sì fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ lọ́nà Pọ́bẹ̀, ọkọ̀ mi kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo gbọ́ pé ọwọ́ gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní quick-turn, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá yí i díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ti ṣí. Èwo ni kí n rà?

Arìnnà Kétu
Domino ti Ítálì tàbí Motion Pro ti Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì ń ṣe é, iṣẹ́ wọn sì dáa. Bí o bá lẹ́ni ní Faransé, kó bá ọ rà á. Má ra ayédèrú, torí ohun tó ń darí eré ọkọ̀ ni.

Mẹkaníìkì Ṣábẹ
Àbúrò, má tíì náwó. Ọ̀ràn méjì lo kó pọ̀ sójú kan. Ọwọ́ tó gùn, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì tí kò tètè dáhùn, ọ̀tọ̀ ni. Ọwọ́ gáàsì tuntun á yanjú ti àkọ́kọ́, kò ní fọwọ́ kan ìkejì rárá. Kò sì ní fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnnì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Rọ́bà tí ò ń dì mú lọ́wọ́ ọ̀tún wọ̀ mọ́ páìpù oníke kan. Lórí páìpù náà, nínú ilé dúdú tí bọ́tìnnì wà lára rẹ̀, àgbá róbótó kan wà tí wáyà wé mọ́. Bí o bá yí ọwọ́, àgbá á fa wáyà, wáyà á ṣí ojú afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí àgbá bá tóbi sí i, yíyí díẹ̀ á fa wáyà púpọ̀. Ká ní wáyà gbọ́dọ̀ rin mílímítà 28 kí ojú afẹ́fẹ́ tó ṣí tán: àgbá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 36 á gba dígírì 89 lọ́wọ́ rẹ, èyí tó jẹ́ mílímítà 45 á gba 71 péré. Ohun tí wọ́n ń tà lówó ńlá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó sì ní ohun tí yóò gbà padà lọ́wọ́ rẹ. Sípíríǹgì kan náà ló ń fà á padà, nítorí náà àgbá ńlá á le láti yí, bí o bá sì gùn ún láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, ọrùn ọwọ́ á ro ọ́. Èyí tó burú jù ni pé gáàsì kékeré tó ń gbé ọ jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín àwọn zémìjàn, àwọn ọlọ́kadà, lọ́jà Wàndó á di ohun tí ọkọ̀ á máa ta kìjí sí.

Kọ́kọ́ yẹ wáyà tí o ní wò. Pa ẹ́ńjìnnì, fi ìka méjì yí ọwọ́ gáàsì, kí o wo bó ṣe rìn tó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà. Mílímítà 2 sí 4 ló yẹ kó jẹ́ létí rọ́bà. Ohunkóhun tó bá lé, òfo lò ń yí. Wáyà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń ṣí i, ọ̀kan ń tì í. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń dín in kù. Tí o bá ti ṣe é tán, ta ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó máa dún jẹ́ẹ́, kí o yí hándù sí òsì dópin, kí o tún yí i sí ọ̀tún dópin. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá gòkè níbì kankan, wáyà ti le jù, tú u díẹ̀. Jọ̀ọ́, má fo èyí. Ọkọ̀ tó ń sáré fúnra rẹ̀ nígbà tí o ń ṣẹ́ kọ́nà lè pa ọ́.

Àdùnní Kútọnu
Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ pé kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ bi ọ́: níbo lo ti ń ra ẹsáǹsì? Bó bá jẹ́ kpayo, ẹsáǹsì fàyàwọ́ inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Kabúrétọ̀ zémìjàn lè gba ìdọ̀tí díẹ̀ mọ́ra. Ihò ìnjẹ́tọ̀ GSX-R, ohun tó ń fọ́n ẹsáǹsì sínú ẹ́ńjìnnì, tín-ín-rín jù fún un. Ọkọ̀ á máa dún dáadáa níbi ìdúró, ṣùgbọ́n bí o bá yí gáàsì lójijì, á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kó tó gbéra. Rọ díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o wo ìdí rẹ̀. Omi ò bá ẹsáǹsì pò. Ìsàlẹ̀ ni wàá ti rí i, pẹ̀lú erùpẹ̀.

Ṣí ibi fíltà afẹ́fẹ́ náà wò. Eruku pupa ọ̀nà yẹn nígbà ọyẹ́ kì í ṣe kékeré.

Bàbá Pọ́bẹ̀
Ẹ má gbàgbé ṣéènì. Bó bá ti rọ̀, ẹ́ńjìnnì á ti gbọ́ ohun tí ọwọ́ wí, táyà ẹ̀yìn kò tíì gbọ́. Àwọn rọ́bà tó wà nínú ilé táyà ẹ̀yìn, lábẹ́ irin eléyín ńlá, àwọn náà máa ń jẹ.

Bó bá sì jẹ́ pé ìgbéra líle lo ń wá, ọmọ mi, pàrọ̀ pínyọ̀n iwájú, irin eléyín kékeré tó ń fa ṣéènì, sí èyí tó fi eyín kan dín. Bí 16 bá di 15, agbára tó ń dé táyà á lé ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Eré àṣekágbá á dín kù, aago á sì máa pe eré ju bó ṣe rí lọ, torí ẹ̀gbẹ́ pínyọ̀n yẹn ni ohun tó ń ka eré ti ń kà á lórí ọkọ̀ tìrẹ. Èmi fara mọ́ èyí ju ọwọ́ gáàsì lọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yẹ wáyà wò, ó ju mílímítà 8 lọ kó tó fa nǹkan kan! Mo ti dín in kù, ìyàtọ̀ ti wà. Mo ti kúrò nídìí kpayo náà. Ṣùgbọ́n lápá ìparí, mo ṣì ń tún ọwọ́ dì mú, nítorí náà mo ṣì fẹ́ páìpù tuntun. Ẹnì kan tún ní kí n yọ àwọn ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ kejì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì dànù, pé òun ló ń dá ọkọ̀ dúró. Kí lẹ rí sí i?

Àdùnní Kútọnu
Rárá o. Láti orí GSX-R750 ti ọdún 2000 ni Suzuki ti ń fi ìlẹ̀kùn méjì sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ, kọ̀ǹpútà ń ṣí èkejì níwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè gbà á. Òun ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa sáré wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí díẹ̀. Bí o bá yọ ọ́ láìtún ìwọ̀n ẹsáǹsì ṣe nínú kọ̀ǹpútà, ibi tí o ti ń ráhùn yẹn gan-an ni yóò ti burú sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n so wáyà àyẹ̀wò, kí C00 jáde lójú aago. Ìlà kékeré kan á wà níwájú C yẹn. Àárín ló yẹ kó wà. Bó bá wà lókè tàbí nísàlẹ̀, ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí ọwọ́ rẹ dé ti yẹ̀, kí wọ́n tún un tò.

Arìnnà Kétu
Yamaha R6 ti 2008 ni tèmi. Wọ́n ní iná mànàmáná ló ń ṣí ti èmi. Ṣé páìpù yìí wúlò fún mi?

Mẹkaníìkì Ṣábẹ
Ó wúlò. Láti 2006 ni R6 ti di ti kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wáyà ṣì ń ti ọwọ́ rẹ lọ síbi tó ti ń ka ìyípo.

Ọmọ Àjàṣẹ́, ní báyìí o lè rà á. Mú Rev2 ti Motion Pro, nítorí àgbá inú rẹ̀ ṣe é pàrọ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré. Má lọ tààrà sí èyí tó yá jù, torí dòdáàn, òkè kékeré tí wọ́n mọ sójú ọ̀nà láti dín eré kù. Bí táyà bá gun dòdáàn láìròtẹ́lẹ̀, ara á lọ sẹ́yìn, ọwọ́ á fa gáàsì, lórí àgbá ńlá ìfà yẹn á ti pọ̀ jù.

Bí o bá dè é tán, yí i dópin kí o jù ú sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ kíá, yálà hándù wà ní òsì tàbí ní ọ̀tún. Fi àlàfo bíi mílímítà kan sáàárín rọ́bà àti irin wíwúwo tó wà létí hándù. Bí wọ́n bá ń ha ara wọn, gáàsì kò ní padà. Má fọ̀bẹ gé rọ́bà àtijọ́. Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fẹ́ táyà, kó ti ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ bọ abẹ́ etí rọ́bà. Á wú, á sì yọ lódidi. Tí o bá fi gọ́ọ̀mù lẹ tuntun, má gùn ún títí di ọjọ́ kejì.