Jọ́ọ̀sì àbí Enugu, èwo ni ká kó àwọn ọmọ lọ?

Ìyá Tọ́lá:
Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí, a fẹ́ gba ọlidé ọjọ́ márùn-ún ní Disẹ́mbà, láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí la ti máa gbéra. Jọ́ọ̀sì ni bàbá mi olóògbé ti ṣòwò bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn wa nígbà yẹn, wọ́n wá tọ́jú ìgò kékeré kan sílé, yanrìn dúdú ló wà nínú ẹ̀, látibi tí wọ́n ti ń wa tánganran (tin) ni wọ́n ti bù ú. Ìgò ọ̀hún ò ju àtàǹpàkò lọ àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e ẹ ó rò pé òjé ni. Àkọ́bí mi gbé e lọ́jọ́ kan ló bá ní "Mọ́mì, kí ló dé tó wúwo báyìí?", látọjọ́ yẹn ló ti ń wù mí kí àwọn ọmọ rí ibi tí wọ́n ti wà á. Ọkọ mi ní rárá, Enugu ni, pé ìtàn èédú ibẹ̀ ló yẹ kí ọmọ mọ̀. Owó ọwọ́ wa ò lè gbé wa dé ibi méjèèjì. Èwo lẹ rò pé ká mú?

Ajílété:
Ìyá Tọ́lá, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì máa ní kẹ́ ẹ lọ. Tánganran yẹn ló gbé reluwé débẹ̀ ní 1914, àwọn èèyàn wa náà sì rọ́ lọ. Hausa ń pè é ní kuza, èmi gbàgbọ́ pé ibẹ̀ la ti rí "ìwakùsà" tá à ń sọ lónìí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí myúsíọ̀mù, láti 1952 ló ti wà. Ẹ bèèrè ère amọ̀ Nok, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn ọmọ pé kò sẹ́ni tó ń wá a kiri, àwọn tó ń wa tánganran lábúlé Nok ló kàn ṣèèṣì hú u jáde ní 1928, ohun tó ti wà nínú ilẹ̀ fún bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì!

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá gba ọ̀nà Bùkúrù, ẹ ó rí àwọn adágún tí kùsà dá sílẹ̀. Ihò ni wọ́n gbẹ́ tí wọn ò dí, òjò wá kún un. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn àgbẹ̀ á gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi síbẹ̀, wọ́n á máa fi bomi rin kábéèjì àti àìríìṣì, ojú èèyàn á tutù tó bá rí i. Àmọ́ ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọ mú o, etí omi yẹn ò rọra jìn, ẹsẹ̀ kan péré téèyàn bá gbé, ó ti bo àgbàlagbà mọ́lẹ̀. Ọmọ kíláàsì wa kan wẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, a ò rí i ní Mọ́ńdè. Ẹ mú súwẹ́tà dání, òtútù Disẹ́mbà ibẹ̀ kì í ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́.

Bọ̀dá Tíṣà:
Ẹ jẹ́ n gbè sẹ́yìn ọkọ yín díẹ̀. Fàdákà làwọn òyìnbó ń wá lápá Enugu nígbà tí wọ́n bá èédú pàdé ní 1909, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, nígbà tó fi máa di 1916 reluwé ti ń gbé e lọ sí Port Harcourt. Èédú yẹn ló sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá. Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà àtijọ́ tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lórí Milliken Hill, ẹ dúró díẹ̀, gbogbo Enugu á tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín. Apá Iva Valley, ibì kan tí wọ́n ti ń wa èédú nígbà yẹn ní Enugu, ni ọ̀rọ̀ burúkú kan ti ṣẹlẹ̀ ní 18 Nòfẹ́mbà 1949: àwọn òṣìṣẹ́ ń bèèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n, ìjọba ní kí ọlọ́pàá lọ kó àdó olóró tí wọ́n fi ń fọ́ èédú kúrò níbẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó kan bá ní kí wọ́n yìnbọn. Èèyàn 21 ló kú. Àwọn tí wọ́n ń gbé àtùpà wọ inú òkùnkùn kí ẹlòmíì lè wọ reluwé! Ó ń dùn mí dòní.

Àmọ́ ẹ má retí pé ẹ máa wọ inú ihò, wọ́n ti pa á tì, ewéko ti bo ẹnu ẹ̀, kò sì dáa kéèyàn wọ̀ ọ́. Ìtàn ló pọ̀ ní Enugu ju ohun tójú ọmọdé máa rí lọ. Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?

Àǹtí Bọ́lá:
Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má rìn lóru. Ẹ pe ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ bi í bí ọ̀nà ṣe rí.

Ìyá Tọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti mẹ́fà ni wọ́n. Mo ka ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Tíṣà sétí ọkọ mi, wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní ká lọ sí Jọ́ọ̀sì báyìí, tí àwọn ọmọ bá dàgbà sí i àwọn fúnra àwọn á mú wọn dé Iva Valley. Mò ń gbé ìgò yẹn lọ. Bọ̀dá Ajílété, ibo ni mo ti lè bèèrè ẹni tó mọ bàbá mi?

Ajílété:
Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Baptist láàárín ìlú lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kẹ́ ẹ jókòó ti àwọn ìyá àgbà. Ẹ má tíì dárúkọ bàbá, agboolé yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dárúkọ.