Wọ́n ní kó máa dúpẹ́

Ìyá Ìbejì, Minnesota:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ṣáínà tí òyìnbó gbà tọ́ la jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì. Orúkọ òyìnbó ló ń jẹ́, Minnesota ló dàgbà sí láti ọmọ ọdún kan, kò gbọ́ èdè Ṣáínà kọjá kíkí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan bi í níbi tó ti wá. Ó ní ibí yìí ni. Bàbá ní, "Mo gbọ́, ibi tí o ti wá gan-an ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ èmi tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ni mo di apá bàbá mú tí mò ń wo BP rẹ̀, kò bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tó gbọ́ àlàyé tán, ó ní kó máa dúpẹ́ pé wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Àwa náà kúkú ń sọ ọ́. "Orí ẹ ló bá ẹ ṣe é, máa dúpẹ́." Ó ń bí mi nínú.

Ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi yìí, wọ́n fojú díwọ̀n ọn ni. Ìwọ́ rẹ̀ ò tíì já nígbà tí wọ́n rí i lẹ́nu ọ̀nà ọjà kan ní Jiangxi, ní Ṣáínà, ni wọ́n bá ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Orúkọ ìdílé tí wọ́n fún un níbẹ̀, gbogbo ọmọ ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí tó wà ló ń jẹ́ ẹ.

Àkànbí, Houston:
Ẹ ṣeun, mà. Ọmọ mi obìnrin àti ọ̀kan nínú wọn ló jọ ń gbé yàrá kan ní yunifásítì. Ọmọ Ṣáínà yìí àtàwọn òbí tó gbà á tọ́ padà lọ sí Guangzhou, ní Ṣáínà. Ní ilé oúnjẹ, ẹni tó ń gbé oúnjẹ kọjú sí ọmọ, ó ń da èdè Ṣáínà bò ó. Ọmọ ń wò ó ṣáá. Bàbá rẹ̀, òyìnbó pọ́ńbélé tó ti lọ kọ́ èdè náà, ló dáhùn. Ọmọ náà ní oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun òun mọ́.

Ìyá Adé, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ má bínú sí mi o. Ọmọ tí wọ́n jù sẹ́nu ọ̀nà ọjà, tí ẹlòmíì gbé, tó rán an níléèwé, kí ló burú tó bá dúpẹ́?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín pé wọ́n jù ú? Òun gan-an ò mọ̀. Òfin ọmọ kan ṣoṣo wà ní Ṣáínà títí di òpin 2015. Ẹni tó bá bí kọjá bẹ́ẹ̀ ń san ìtanràn ńlá, ọkùnrin sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń wá. Ìdí nìyẹn tí obìnrin fi pọ̀ jù nínú ọmọ tó lé ní 160,000 tí wọ́n gbà tọ́ lókè òkun láti 1992. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ló fipá gbà wọ́n lọ́wọ́ òbí. Ní 2005, àṣírí tú ní Hunan pé àwọn kan ń ta ọmọ fún ilé ìtọ́jú, torí òbí tó bá wá gba ọmọ láti òkèèrè nígbà náà máa ń fi nǹkan bí 3,000 dọ́là sílẹ̀ fún ilé náà. Ṣé ẹni tó tà á ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Ó fẹ́ràn màmá rẹ̀ tó wà níbí gan-an, ìyẹn ò sí nínú àríyànjiyàn.

Nígbà tí Ṣáínà fòpin sí fífi ọmọ fún ará òkèèrè tọ́ ní oṣù kẹsàn-án 2024, ohun tí ẹlẹgbẹ́ mi yìí kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ni yóò máa tọ́jú fáìlì àwọn. Ó ti fi itọ́ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA. Ìyá ò jáde, ṣùgbọ́n ìbátan kan jáde, ọmọ Ṣáínà bíi tirẹ̀ tí àwọn ará Holland gbà tọ́. Wọ́n ti ń pe ara wọn. Iyókù, òun ló ni ín; mi ò ní sọ ọ́ síbí.