Ẹ̀yin ará ìgbèríko, báwo ni àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ṣe dé ọ̀dọ̀ tiyín?

Ọmọ Ìbàràpá
Ẹ kú àṣálẹ́ o. Iṣẹ́ ìlera ni mò ń ṣe lágbègbè Ìbàràpá, a sì bá àwọn olùwádìí kan ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Wọn ò dán oògùn tuntun wò o. Àyẹ̀wò tó dára ti wà, kò sì wọ́n: nọ́ọ̀sì á fi òwú tó rin fún omi fínígà pa ọrùn ilé ọmọ, á dúró bí ìṣẹ́jú kan, ibi tó bá funfun ni ìfura wà. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìdí tí kì í fi í dé ọ̀dọ̀ obìnrin oko.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la kọ́kọ́ mú. Nọ́ọ̀sì jókòó, bẹ́ẹ̀dì wà, ènìyàn ò wá. Àwọn kan láàárín wa ní àìmọ̀kan ni. Àwọn olùwádìí ní ká lọ bi àwọn obìnrin fúnra wọn. Ìyá kan tó ń yan gàrí wò mí títí, ó ní: "Ẹ̀gẹ́ mi wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ mú yẹn. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi yan án ni?" Àwọn mìíràn ní owó ọ̀kadà ni kò sí.

La bá gbé àyẹ̀wò náà lọ sítòsí ọjà, lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n ń tajà, wọ́n ń yà wọlé.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù: tẹ́lẹ̀, ẹni tá a bá rí nǹkan lára rẹ̀, ìwé la máa ń kọ fún un pé kó lọ sí Ìbàdàn. Ta ló ń lọ? Mo rí ọ̀kan nínú ìwé wọ̀nyẹn tí wọ́n ká sẹ́nu kèrègbè epo. Ní báyìí, tí kò bá tíì di jẹjẹrẹ, tó sì ṣeé tọ́jú níbẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbóná la fi ń jó ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í pẹ́ rárá.

Ìyá Ìbejì
Èmi, òwú orí igi ni wọ́n fún mi kí n fúnra mi fi gba omi ojú ara, kí wọ́n fi wá fáírọ́ọ̀sì HPV, kòkòrò tó máa ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju kí n na ẹsẹ̀ níwájú ọkùnrin lọ. Èsì ló dá wàhálà sílẹ̀. Nọ́ńbà bàbá àwọn ọmọ ni mo kọ sílẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ kà á. Kòkòrò tó ń gba inú ìbálòpọ̀ wọlé! Ilé dàrú. Nọ́ọ̀sì ló wá jókòó tì í, tó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń kó o, pé ara fúnra rẹ̀ máa ń lé e lọ lọ́pọ̀ ìgbà, àti pé ó lè ti wà lára láti ọdún pípẹ́. Ẹ̀yin olùwádìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bi obìnrin léèrè ẹni tẹ́ ẹ máa fi èsì rán sí.

Tísà Ọ̀ṣun
Tèmi, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà HPV ni. Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní October 2023, Ọ̀yọ́ tẹ̀ lé e ní 2024. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ariwo pé kò ní jẹ́ kí wọ́n bímọ pọ̀, àmọ́ nígbà tí ìyá ìjọ kan mú ọmọ-ọmọ tirẹ̀ wá síwájú gbogbo èèyàn, ariwo lọ sílẹ̀. Àwọn tá a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ni àwọn tí kò sí ní kíláàsì, àwọn tó ń kọ́ aṣọ rírán àti irun ṣíṣe. Ìpàdé ẹgbẹ́ aránṣọ la ti rí wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́
Nígbà tí owó ìwádìí tán ńkọ́, Ọmọ Ìbàràpá?

Ọmọ Ìbàràpá
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ti já pa lọ sí London. Fínígà ò wọ́n wa, ènìyàn ló ń wọ́n wa. Méjì ti ń kọ́ ọ báyìí, ọjọ́ ọjà náà la sì ń lò. Bátìrì ẹ̀rọ ló kù. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe nítòsí, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí.