Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: obì, orógbó àti oògùn ásímà màmá mi

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Kàbà ni mo wà. Ásímà ń yọ màmá mi lẹ́nu, bí ọyẹ́ bá sì dé ló ń le jù. Dókítà fún wọn ní èyí tí wọ́n ń fà sẹ́nu àti hóró aminophylline, ṣùgbọ́n wọn ò gbà láti fi obì sílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, obì. Àlejò dé, obì.

Mo kà á pé theophylline ló ń ṣiṣẹ́ nínú hóró yẹn, pé inú ewé tíì ni Albrecht Kossel ará Jámánì ti rí i ní 1888, àti pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti káfíìnì inú obì. Ṣé ohun tó ń mú kí àyà wọn máa lù kì-kì-kì lóru nìyẹn? Ṣé kí wọ́n dín obì kù ni, àbí kí wọ́n pa á tì pátápátá?

Orógbó ńkọ́? Àwọn olùwádìí ti fa èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kolaviron jáde lára rẹ̀, wọ́n sì ti dán an wò lára eku. Màmá mi kì í ṣe eku.

Aládùúgbò kan tún ní ká sun ewé gégemú kí wọ́n máa fa èéfín rẹ̀. Mo kọ̀. Òótọ́ ni pé lára atropine, tó wà nínú irú ewé bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ti ṣe ipratropium, oògùn fífà sẹ́nu tí àwọn dókítà ń lò, ṣùgbọ́n ta ló wọn ti inú ewé? Ó lè dà èèyàn lórí rú.

Ẹ̀yin apòògùn àti nọ́ọ̀sì, ẹ dá mi lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá àgbo o.