Káìtì tí kò fẹ́ gòkè

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ eré àwọn ọmọ ni mo bá wá. Mo ra káìtì kan fún àwọn ọmọ mi méjèèjì. Ọmọ ọdún 9 ni èyí àgbà, àbúrò rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún 5. Káìtì onígun mẹ́rin ni, ó fẹ̀ dáadáa, àwòrán ara rẹ̀ sì wu àwọn ọmọ. A gbé e lọ sí ọgbà kékeré tí ilé àti igi yí ká, àwọn ọmọ sì sáré títí ó fi rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ó bá ti ga tó òrùlé ni ó máa ń pòòyì, tí yóò sì forí sọlẹ̀. Ẹkún ni èyí àbúrò sun délé. Ṣé káìtì náà ni kò dára, àbí àwa ni a kò mọ̀ ọ́n ṣe? Bí ó bá jẹ́ pé kí n ra òmíràn ni, irú èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn

Ẹ kú akitiyan lórí àwọn ọmọ, àbúrò mi. Ẹ má tíì ju káìtì yẹn nù, ẹ má sì tíì ra òmíràn, nítorí ibi tí ẹ gbé e lọ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ kọjá lórí ilé tàbí igi kì í lọ tààrà mọ́ títí yóò fi rìn jìnnà. Ńṣe ni ó máa ń lọ́ yípo bí omi odò tó kọlu àpáta, káìtì tó bá sì bọ́ sínú rẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò gbé ara lé. Bí igi tó ga ní mítà 10 bá wà ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà bọ̀, ẹ jìnnà sí i tó mítà 70 ó kéré tán. Pápá gbalasa dára, etíkun sì dára jù ú lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti orí omi wá, nítorí kò sí ohun tó dí i lọ́nà.

Kí ẹ tó jáde, ẹ wo ewé. Bí ẹ bá ń mọ afẹ́fẹ́ lójú, tí ewé sì ń dún díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ náà ń rìn ní nǹkan bíi kìlómítà 6 sí 11 ní wákàtí kan. Káìtì tó fúyẹ́ nìkan ni ó lè gbé. Bí ewé àti ẹ̀ka tín-ín-rín kò bá sinmi mímì, tí àsíá kékeré sì nà, ó ti wà láàárín kìlómítà 12 sí 19, èyí ni mo sì fẹ́ràn jù fún ìdílé. Nígbà tí eruku àti bébà bá ti ń fò nílẹ̀, ó ti tó kìlómítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yẹ kí okùn wà lọ́wọ́ ọmọ ọdún 5 mọ́.

Sísáré ni nǹkan kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ tó ń sáré kò lè wo ẹ̀yìn, kò sì ní mọ ohun tí káìtì ń ṣe títí yóò fi já wálẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí ẹ di okùn mú, kí ọmọ yín àgbà gbé káìtì náà lọ síwájú yín tó bíi mítà 20, kí ó kọjú rẹ̀ sí yín, kí orí káìtì sì wà lókè. Ẹ jẹ́ kí okùn le láàárín yín. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dé, ẹ ní kí ó kàn jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó má jù ú sókè, kí ẹ sì máa fa okùn sọ́dọ̀ ara yín títí yóò fi gòkè. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa tú okùn fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá doríkodò lójijì, ọwọ́ máa ń yá wa láti fà á, bẹ́ẹ̀ fífà yẹn gan-an ni ó ń mú un sáré wálẹ̀. Ẹ dẹ okùn, kí ẹ rìn sọ́dọ̀ rẹ̀, yóò tọ́ ara rẹ̀ tàbí kí ó balẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ní ti pípòòyì, ẹ wo ọ̀pá tó gba ìbú káìtì yín. Bí ó bá tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, irú èyí tí William Eddy, ará Amẹ́ríkà, sọ di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1890 ni, ó sì lè fò láìní ìrù. Bí ọ̀pá náà bá tọ́ gbọnrangandan, kò lè ṣe aláìní ìrù, ẹ sì lè fi ìrépé aṣọ gígùn kan ṣe é, tí yóò gùn ju káìtì lọ ní ìlọ́po 5. Ẹ tún sún òrùka tó wà lórí okùn ìjánu rẹ̀, ìyẹn okùn kúkúrú tó so ara káìtì mọ́ okùn tí ẹ ń dì mú, síhà orí káìtì ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ sì tún un gbìyànjú.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra òmíràn, onígun mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní delta ni mo fọwọ́ sí, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀, tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù tí kì í tètè ya. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń gbé e, kì í sì í da ènìyàn láàmú. Fún èyí àbúrò, ẹ wá kékeré tí kò ní ọ̀pá rárá, tí afẹ́fẹ́ ń kún inú àpò rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ ṣubú nígbà 20, kò sí ohun tí yóò kán. Ẹ fi káìtì olókùn méjì sílẹ̀ ná, nítorí agbára rẹ̀ pọ̀, ó sì lè ṣe ẹni tó ń kọjá léṣe.

Ìdáhùn mìíràn

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ti ààbò kún un. Ẹ jìnnà pátápátá sí wáyà iná, bí káìtì bá sì há sórí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ni iná náà. Okùn tó tutù lè gbé iná mọ̀nàmọ́ná wá sọ́wọ́, nítorí náà ẹ ká a wálẹ̀ kíákíá nígbà tí òjò tàbí àrá bá ń ṣú bọ̀. Ẹ fún àwọn ọmọ ní ìbọ̀wọ́, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wé okùn mọ́ ìka, nítorí okùn tó ń sáré a máa gé awọ. Ẹ sì béèrè òfin ibi tí ẹ ń gbé: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, káìtì kò gbọdọ̀ ga ju mítà 60 lọ láìgba ìyọ̀ǹda, ìwọ̀n náà sì tún kéré sí i nítòsí pápákọ̀ òfurufú.

Ẹni tó béèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. A so ìrù mọ́ káìtì náà, a gbé e lọ sí etíkun, ó sì gòkè ní ẹ̀ẹ̀kejì. Nígbà tí ó dúró ṣinṣin, mo fi okùn lé èyí àbúrò lọ́wọ́, èmi sì di ìdí okùn mú lẹ́yìn rẹ̀; kò fẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìṣòro tó kù ni pé okùn náà ti lọ́ mọ́ra, iyanrìn àti omi sì wà lára aṣọ rẹ̀.

Ìdáhùn

Inú mi dùn dénú. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan aṣọ náà, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi tí kò sí oòrùn, kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ tó ká a. Ní ti okùn, ẹ má fà á, ṣíṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di kókó. Ẹ gbọn ọ́n dẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ wá ìdí rẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa ká a mọ́ ìdìmú rẹ̀ ní ìrísí 8, kò ní máa lọ́ mọ́ra bẹ́ẹ̀ mọ́.