Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ dísìkì fún àbúrò mi ọmọ ọdún 19. Báwo ni ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ṣe rí tó bá dàgbà?

Àǹtí Dúpẹ́: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí ìrora ti ń ti ìdí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò lè jókòó pẹ́, bó bá sín, igbe ni. Àwòrán MRI tí wọ́n yà fi hàn pé dísìkì (ìrọ̀rí tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn) tó wà láàárín L5 àti S1, nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ti yọ síta, ó sì ń tẹ iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ẹsẹ̀. Ó ti lo oògùn, ó ti ṣe físíò (ìtọ́jú eré ìdárayá), kò sí ìyàtọ̀ gidi. Dókítà ní kí wọ́n gé ibi tó yọ yẹn kúrò.

Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù, bí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ṣe rí tó bá di ọmọ ogójì ọdún ni. Màmá wa ti gbà pé yóò rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, pé kò sì ní lè bímọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é ní kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́.

Bàbá Ṣọlá: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí Màmá. Mi ò tíì pé ọdún 25 nígbà tí wọ́n ṣe tèmi, mo sì ti kọjá ogójì báyìí. Mò ń rìn, mò ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ni mo bí gbogbo ọmọ mi. Ìrora ẹsẹ̀ lọ kíákíá. Ẹ̀yìn gan-an ni kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó máa ń gan láàárọ̀, bí mo bá sì wakọ̀ lọ sọ́nà jíjìn, mo gbọ́dọ̀ dúró na ara. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi kan kì í mọ nǹkan lára dáadáa títí dòní.

Físíò Kúnlé: Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Torí iṣan tó há ni wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, ìdí nìyẹn tó fi ń wo ẹsẹ̀ sàn ju ẹ̀yìn lọ. Ibi tí wọ́n gé lára dísìkì kì í hù padà. Dísìkì ẹni tó ti dàgbà kò fi bẹ́ẹ̀ ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ara eegun òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń rọra wọlé. Ó lè máa fún pọ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Àmọ́ dísìkì tó yọ ti bà jẹ́ kí ọ̀bẹ tó kàn án, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru iṣẹ́ abẹ.

Ó sì lè tún yọ níbẹ̀. Nínú 100 èèyàn, nǹkan bíi 5 sí 15 ló ń ṣẹlẹ̀ sí, àwọn kan nínú wọn á sì padà sábẹ́ ọ̀bẹ.

Ní Nọ́wè, dókítà Weber tẹ̀lé aláìsàn 126 fún ọdún mẹ́wàá, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1983. Lọ́dún kìíní, ara àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yá ju tàwọn yòókù lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹwàá, ekukáká la fi rí ìyàtọ̀. Ìwádìí kan ní Nẹ́dálándì lọ́dún 2007 jọ ọ́: àwọn tó tètè ṣe é tètè bọ́ lọ́wọ́ ìrora, àmọ́ lẹ́yìn ọdún kan, bákan náà lara wọn rí. Àwọn tó dàgbà ju àbúrò yín lọ ló pọ̀ jù nínú wọn o. Lójú tèmi, iṣẹ́ abẹ ń mú kí ara tètè tu èèyàn ni, òun kọ́ ló ń pinnu bí ẹ̀yìn yóò ṣe rí lọ́jọ́ alẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi obìnrin ní irú ẹ̀, a ò ṣiṣẹ́ abẹ. Nígbà tí wọ́n tún yà á ní MRI, èyí tó yọ ti sún kì. Ó pẹ́ o, ó sì jẹ̀rora. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ ṣe tiwa.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Àǹtí, ṣé ó ń tọ̀ dáadáa? Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí tó ń yọ láìmọ̀, bí abẹ́ àti àárín itan rẹ̀ bá kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ sí i, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e dé ọsibítù, kódà kó jẹ́ òru. Bí ìyẹn bá pẹ́, ó lè má ṣeé tún ṣe mọ́.

Àǹtí Dúpẹ́: Ó ń tọ̀ dáadáa, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ńkọ́?

Físíò Kúnlé: Ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń gbà gé irú èyí, kò kan nǹkan ọkùnrin. Bí wọ́n bá gba iwájú ikùn wọlé láti fi irin pa eegun pọ̀, ewu kékeré kan wà pé àtọ̀ lè máa ṣẹ́rí padà sínú àpò ìtọ̀. Torí náà, ẹ bi dókítà: ibo ló máa gbà? Ṣé gígé nìkan ni àbí pípa eegun pọ̀? Ẹ̀rù pípa pọ̀ bà mí fún ọmọdé, torí dísìkì tó wà lókè rẹ̀ ni wàhálà á kù sí. Ṣé ó ń mu sìgá?

Àǹtí Dúpẹ́: Ó ń mu ún. Màmá ò mọ̀.

Físíò Kúnlé: Ẹ bá a sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe é. Sìgá ń ba dísìkì jẹ́, kì í sì í jẹ́ kí egbò tètè jinná.

Àǹtí Dúpẹ́: Màá bá a sọ ọ́ lálẹ́ òní. Mo ti kọ àwọn ìbéèrè yẹn sílẹ̀ de dókítà.