"So pọ̀", "dà pọ̀" tàbí "rò pọ̀": ọ̀rọ̀ wáyà búfà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Lórí gbólóhùn Yorùbá tí a ń wá fún mímú ìró ọ̀tún àti ti òsì wọ inú búfà (àpótí ẹ̀rọ tó ń gbé ìró tó rinlẹ̀ jáde) kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n wa dábàá "síso ohùn méjì pọ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀". Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ méjì wà níbẹ̀ tí n kò lè gbé mì.

"Ohùn ìsàlẹ̀" ti lọ́kọ. Ọmọ iléèwé tó bá ti kọ́ àmì ohùn mọ̀ pé òun ni "dò" inú dò-rè-mí. Èmi ìbá ní "ìró bíbú". Àwọn Òyìnbó náà, inú gbígbó ajá ni wọ́n ti yọ wúfà, orúkọ tí wọ́n fún irú ẹ̀rọ yìí. Ṣé ajá wọn wá ju kìnnìún tó ń bú ramúramù lọ ni? Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ búfà, bí ará àdúgbò ṣe ń pè é.

"So pọ̀" ló dùn mí jù, torí ó ti dá wàhálà sílẹ̀ lójú mi. Mo kọ ọ́ sórí bébà fún ọmọkùnrin kan tó ń bá wa to ẹ̀rọ: "So ọ̀tún àti òsì pọ̀, kó o kì wọ́n bọ búfà." Ó ṣe ohun tí mo wí. Ó fi eyín bó wáyà méjèèjì, ó lọ́ wọn mọ́ra, ó fi téèpù dúdú wé e. Ohùn orin há. Òsì ń ti iná sínú ọ̀tún, ọ̀tún ń ti tirẹ̀ padà. Ẹnu ọ̀nà tí a ṣe fún jíjáde ni wọ́n ń bára wọn gbà wọlé. Ó yẹ kí resistor 1,000 ohm kan (ẹ̀yà kékeré tó ń dín ìṣàn iná kù, onílà búráùn, dúdú, pupa) wà lójú ọ̀nà wáyà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pàdé. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ewúrẹ́ là ń so.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú "dà pọ̀", bí odò méjì ṣe ń pàdé. Ìró tí kò bá kọjá nǹkan bí igbi 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ọwọ́ tó ti wá, nítorí náà búfà kan tó.

Ẹni tó pe stẹ́ríò (ìró ọ̀tún àti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) ní "ìró etí méjì" kò ṣìnà: nígbà tí onímọ̀ ẹ̀rọ Alan Blumlein kọ ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931, ìró etí méjì náà ló pè é. Mónò, tí gbogbo ìró jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ńkọ́? "Ìró ẹlẹ́yọ" ni tèmi. "Ohùn kan" ti di ti àwọn tó ń fohùn ṣọ̀kan nípàdé.

Ṣùgbọ́n àbúrò wa tó mú "rò pọ̀" wá láti inú ìṣirò fẹ́ẹ̀ borí mi. Bí wáyà òsì bá yí sódì, ohun tó jọra nínú ìró méjèèjì á pa ara rẹ̀ rẹ́, bí 5 àti −5, búfà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Omi méjì tí a dà pọ̀ kì í gbẹ. Odò mi kò rí ìyẹn sọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fèsì kí n tó lọ pa "àdàpọ̀" rẹ́ nínú iṣẹ́ mi.